Kòkànyín àti Jẹ́jẹ́ ní Igbó Dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí ajá náà jókòó síbi tí ó wù ú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìrù rẹ̀ kan òun, kí ó sún díẹ̀, nítorí pé èmi Ọdẹ́rìndé kò ní lé e kúrò nídìí ẹsẹ̀ mi nítorí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí n sọ fún yín bí mo ṣe wọ Igbó Dákẹ́ tí mo sì jáde, mo sì ti gbà láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kí n má sọ̀rọ̀ ajá méjì, èyí tí ẹ ń wò yìí àti èyí tí ó ti lọ. Bí ẹ bá rò pé mo ń fọ́nnu, ẹ kò ṣìnà. Mo ń fọ́nnu. Ẹni tí ó bá ti ní irú àwọn ajá tí mo ní láàárín yín, kí ó dìde kí ó wá gba ìjókòó yìí lọ́wọ́ mi.

Èyí tí ó ti lọ ni Kòkànyín. Nígbà tí mo rà á, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ọdẹ tí kò tíì kan ilẹ̀kùn sílé ń ra ajá kiri. Ni mo bá sọ ọ́ ní Kò-kàn-yín, kí n lè máa kígbe orúkọ náà sí wọn létí láràárọ̀. Ó pupa bí epo, àyà rẹ̀ gbòòrò, ọ̀yà ti fa etí rẹ̀ kan ya láti kékeré. Ajá náà kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù. Bí ewé bá mì, ó ti gbó. Kí ó tó gbó tán, ó ti fò mọ́ ọn. Ìgbà tí ó bá fò mọ́ ọn tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó bóyá ẹran ni tàbí kùkùté. Ó wọ inú ihò kan lójú mi, ó gbé òkété jáde, ó tún padà wọ ihò kan náà, ó gbé ejò sèbé jáde, ó sì ń ju ìrù bí ẹni pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn obìnrin tí ń pọnmi lódò máa ń mọ irú ẹran tí a rí nínú igbó, nítorí pé bí ó ṣe ń gbó mọ́ ẹtu kọ́ ni ó ṣe ń gbó mọ́ ìmàdò. Bí ó bá sì ti ki eré mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà. Mo súfèé, mo pàtẹ́wọ́, mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ni yóò tó rántí pé òun ní olówó. Ó gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ sá fún Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ìyẹn sì lé e kiri ilé pẹ̀lú ọmọrogùn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ó jókòó sílẹ̀, tí ẹ̀rín sì pa á. Bí ó ṣe gbé ayé ni ó ṣe kúrò níbẹ̀. Mo yìnbọn fún ẹfọ̀n kan, ẹfọ̀n kò kú, ó kọjú sí mi, ìbọn mi sì ti ṣófo. Kòkànyín kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, imú ẹfọ̀n ni ó bà lé, ó dì mọ́ ọn. Ìwo ń gún un, ó ń gbó láàárín eyín. Ó di ẹranko náà mú títí mo fi ki ìbọn mi, tí mo fi yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹfọ̀n ṣubú, Kòkànyín sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èjìká mi gbé e délé, ẹran tí mo pa ń ṣòfò sínú igbó, n kò bojú wẹ̀yìn wò ó.

Èyí tí ẹ ń wò yìí ni Jẹ́jẹ́. Lájídé, àbúrò ìyàwó mi, ni ó fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí ó rí i pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ó dúdú, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni pé ó ti tẹ èlùbọ́. Jẹ́jẹ́ kì í gbó. Mo so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, ó kọ́ bí a ti ń rìn tí ṣaworo kò fi ní dún. Bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, yóò kọ́kọ́ wò mí lójú, bíi pé ó ń bi mí bóyá èmi ti jẹ tèmi. Bí ó bá rí ẹran nínú igbó, kò ní sọ fún ilé, kò ní sọ fún odò. Yóò padà wá bá mi, yóò fi imú tútù kan ojúgun mi, èmi náà yóò sì gbé ìbọn. Kòkànyín kì í wẹ̀yìn wò bóyá mo ń bọ̀, ó dá a lójú pé mo ń bọ̀. Jẹ́jẹ́ kì í rìn jìnnà kí ó má wẹ̀yìn. Kòkànyín fẹ́ràn mi bí ẹni ń jà, Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn mi bí ẹni ń ṣọ́nà. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ní ajá ìdí ààrò ni. Mo gbọ́, mo dákẹ́, mo sì ń pa ẹran jù wọ́n lọ.

Iṣẹ́ oyin wíwá ni Lájídé ń ṣe. Ó láwàdà, ó lẹ́nu, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nígbà tí ẹ bá gbé iṣu kaná, iṣu yóò jinná, ẹ ó jẹ ẹ́ tán, kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó tẹ̀ lé ọ̀wọ́ oyin lọ sínú igbó, kò padà. A wá a. A rí fìlà rẹ̀ lẹ́bàá Igbó Dákẹ́, níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké, gbogbo àwọn tí ń wá a sì dúró gan-an níbẹ̀. Àwọn ajá wọn ń gbin, wọ́n ń fà sẹ́yìn. Bàbá Akínlùyì, Olúọdẹ wa, gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, bí Kòkànyín bá wà láyé ni, ǹ bá ní kí o wọ ibẹ̀. Kí ni èyí fẹ́ bá ọ ṣe?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ wò ó. Nínú gbogbo ajá tí ó wà níhìn-ín, òun nìkan ni kò gbin.”

Nígbà tí mo délé láti mú ìbọn àti oúnjẹ, Àwẹ̀ró di ẹ̀yìn ẹ̀wù ọdẹ mi mú. Ó ní, “Baálé mi, n kò ní kí ẹ lọ, n kò sì lè ní kí ẹ má lọ. Òun nìkan ni ìyá mi bí tẹ̀ lé mi.” Ó di iyọ̀ sínú ewé fún mi, mo sì jáde.

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Odò kan wà kí a tó wọ àárín igbó náà, omi rẹ̀ dúdú bí aró. Obìnrin kékeré kan jókòó sórí òkúta láàárín rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju orúnkún mi lọ, koríko tútù ni irun orí rẹ̀, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń ṣeré láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ kọjá?”

Mo ní, “Èmi àti ajá mi ni, ìyá.”

“Ajá wo? Ti iwájú rẹ ni, àbí ti ẹ̀yìn rẹ?”

Mo wẹ̀yìn. N kò rí nǹkan kan àyàfi ọ̀nà tí mo gbà wá. Mo ní, “Ọ̀kan péré ni mo mú wá.”

Ó ní, “Òótọ́ ni, ọ̀kan ni o mú wá. Èkejì ni ó mú ara rẹ̀ wá. Èyí dúdú ń wo ibi tí ó ń tẹ̀. Èyí pupa elétí yíya ti da etí odò mi rú, ó tún ń gbó mọ́ àwọn ẹja mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, mo ti dojú kọ ẹkùn, ṣùgbọ́n omi tí ó bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, n kò ní tìtorí yín sọ pé òógùn ni. Mo bi í pé kí ni yóò gbà kí ó tó jẹ́ kí a kọjá. Ó ní ohun tí omi bí, tí omi sì tún ń pa, ni òun ń fẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo nawọ́ iyọ̀ Àwẹ̀ró sí i. Ó lá a, ó di ojú, ara rẹ̀ gbọ̀n fún adùn.

Ó ní, “O lawọ́. Gbọ́ tèmi. Agbọ́tán ni orúkọ ẹni tí o ń lọ bá. Kò ní ojú. Ohun tí kò bá dún, kò sí nínú ayé tirẹ̀. Ohun tí ó bá sì ti gbọ́, tirẹ̀ ni títí láé, àfi bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀.”

A kọjá, a wọ Igbó Dákẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí ti abẹ́ ibùsùn. Jẹ́jẹ́ ń tọ òórùn Lájídé lọ, mo ń tẹ ibi tí ó bá tẹ̀. Mo rí àwọn kùkùté kan tí wọ́n tò yí gbangba kékeré kan ká, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ti ọ̀kan. Ni mo bá rí i pé kùkùté náà ní èjìká. Ó ní àgbọ̀n. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ewédò sì ti kún un. Ènìyàn ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ rí! Lájídé jókòó láàárín wọn, ó gbẹ bí ẹja ààrò, ewédò ti dé orúnkún rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìtàn bí ìyá rẹ̀ ṣe ń din àkàrà. Òun tí ó ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí òjò! Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ dúró tì í, ó ga bí ọ̀pẹ, kò ní ojú, kò ní imú, etí ni ó bo gbogbo ara rẹ̀ bí olú ṣe ń bo igi jíjẹrà: etí ńlá, etí wẹ́wẹ́, etí lábẹ́ apá, etí lẹ́yìn orúnkún. Gbogbo wọn yí padà sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, “Ta ní ń mí nínú igbó mi?” Ohùn obìnrin arúgbó ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọdé ni ó fi parí rẹ̀, nítorí pé kò ní ohùn ti ara rẹ̀.

Mo ní, “Ọdẹ́rìndé ni. Mo wá mú àbúrò ìyàwó mi lọ sílé.”

“Ìwọ nìkan?”

Mo wo ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó ti ẹsẹ̀ mi, ó ń wò mí, èmi gan-an kò gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mo ní, “Etí ọ̀hún pọ̀ lára rẹ, o ṣì tún ń bi mí? Ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ ni kí o gbà.”

Ó ní, “Ẹnì kan ni wọ́n gbọ́. Ó dára. Lájídé kò tíì tán. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ tán ni n ó tò ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ, sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Má sọ ti ẹran tí o pa, àwọn ọdẹ tí ó ṣáájú rẹ ti fi ẹ̀jẹ̀ kún mi létí. Sọ ti ohun tí o fẹ́ràn. Irọ́ kan péré, o jókòó tì í nìyẹn.”

Kí ni ẹ rò pé mo sọ? Ohun tí mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mo jókòó, mo gbé ìbọn lé itan, mo sọ ti Kòkànyín, mo sọ ti Jẹ́jẹ́. Mo sọ ti òkété àti sèbé, mo sọ ti ìkòkò ọbẹ̀, mo sọ ti ṣaworo tí kò dún. Àwọn etí náà ń ṣí, wọ́n ń pa dé, bí ẹnu ọmọ ọwọ́ tí ń mu ọmú. Nígbà tí mo dé ibi ẹfọ̀n, gbogbo wọn dúró gbagidi.

Ó ní, “Èwo ni ó sàn jù nínú àwọn méjèèjì?”

Mo ní, “Bi mí léèrè èwo nínú ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fẹ́ kí o gé.”

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní, “Mo mọ ohùn ajá pupa yẹn. Atẹ́gùn gbé gbígbó rẹ̀ ìkẹyìn wá bá mi, mo sì fi í pamọ́ sínú etí abẹ́ apá mi. Mo lè dá a padà fún ọ, pẹ̀lú awọ rẹ̀, pẹ̀lú irun rẹ̀, pẹ̀lú etí rẹ̀ tí ó ya. Gbà á, gba ọkùnrin yìí pẹ̀lú, ẹ máa lọ. Ajá tí kì í gbó ni kí o lọ mú wá fún mi. Gbogbo ohùn ayé ni mo ní. N kò ní ìdákẹ́ rí.”

Ẹ má ṣe wò mí bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé kò wù mí. Ẹ rò ó wò: kí Lájídé padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí Kòkànyín máa sáré lọ níwájú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n kàn fi ọwọ́ tọ́ka sílẹ̀ pé òun nìyí! Mo wo Jẹ́jẹ́. Ó ń wo ojú mi bí ó ṣe máa ń wò ó bí oúnjẹ bá wà nílẹ̀, ó ń dúró kí n sọ ohun tí ó kàn. Ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ajá tí ó kú nítorí mi kò ní gbà kí n fi ajá mìíràn ra òun padà. Bí mo bá mọ Kòkànyín rárá, èyí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ní, “Agbọ́tán, n kò lè ra ohun tí n kò gbọ́. Jẹ́ kí ó gbó kí n mọ̀ bóyá òun ni.”

Ó gbé apá sókè. Ó fi ìka ṣí etí náà.

Yéè! Ẹ̀yin ará, òun ni! Gbígbó náà jáde bí iná tí ó bọ́ sínú ìgbẹ́ gbígbẹ. Igi mì, ewé já, gbogbo etí ara Agbọ́tán wárìrì, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Jẹ́jẹ́ kò dúró de àṣẹ mi. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Lájídé, ó fi ẹnu mú etí aṣọ rẹ̀, ó fà á. Ọkùnrin náà dìde, ewédò já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ajá náà mú wa gba ojú ìṣàn omi kan, níbi tí kò ti sí ewé gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó le jù lọ́jọ́ náà fún yín. Gbígbó yẹn ni èyí tí ó máa ń fi pè mí bí ó bá ti di ẹran mú: Yára, mo ti mú un, yára! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ ọ rí kí n má sáré lọ bá a. Ọjọ́ náà ni mo kẹ̀yìn sí i. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà, ó fẹ́ padà, imú tútù kan sì kan ojúgun mi. Mo ń lọ.

A kò tíì jìnnà tí gbígbó náà fi rọlẹ̀. Agbọ́tán pè mí: “Ọdẹ́rìndé, òun kọ́ ni bí?” Mo ń dá ẹ̀ka gbígbẹ kan tí ó wà nílẹ̀ kọjá lọ́wọ́, mo dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀, ìkejì wà lókè. Jẹ́jẹ́ náà gbé ẹsẹ̀ kan dúró. Ó tún pè, ohùn Lájídé ni ó fi pè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró dè mí!” bẹ́ẹ̀ ni Lájídé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo rí Agbọ́tán láàárín igi bí ó ṣe dọ̀bálẹ̀, tí ó fi gbogbo etí àyà rẹ̀ lẹ ilẹ̀. Lílù àyà mi ni ó gbọ́. Ó kígbe, ó bọ́ sọ́nà, ó ń bọ̀ bí igi tí ń wó. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́ kó ohun ìní rẹ̀ padà. Ó gbé apá, ó ní kí ohùn Kòkànyín wọlé sí ibi tí ó ti jáde.

Kòkànyín kẹ̀! Ajá tí èmi olówó rẹ̀ súfèé fún títí ètè mi fi bó, tí kò dáhùn! Ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó yí Agbọ́tán ká, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ó wà nídìí rẹ̀. Agbọ́tán ń pè é, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ di etí, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ni ó ní. Ó wó lulẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín, ohùn náà sì ń gbó lé e lórí. Mo gbé Lájídé sẹ́yìn, mo sá. Jẹ́jẹ́ ń sáré níwájú, ó ń wẹ̀yìn, ó ń sáré, ó ń wẹ̀yìn, títí a fi la odò dúdú kọjá, tí oòrùn fi tàn sí wa lára.

Níbẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dúró. Ó yí padà, ó kọjú sí Igbó Dákẹ́, ó na etí. A ṣì ń gbọ́ Kòkànyín lókèèrè. Àwọn méjèèjì kò pàdé rí láyé. Ó tẹ́tí títí, ó sì rọra ju ìrù, ìgbà tí ó tó fún un ni ó tó tẹ̀ lé wa.

Ìdí-Apá, ìlú wa, tú jáde nígbà tí a wọlé. Àwẹ̀ró gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ń sọkún, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀: Ṣé ara rẹ le? Ṣé o mọ̀ mí? Bá mi sọ̀rọ̀, Lájídé, bá mi sọ̀rọ̀. Kò dáhùn. Wọ́n gbé omi fún un, ó mu. Wọ́n gbé iyán sílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Mo rò nínú mi pé bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni Agbọ́tán ti gbọ́ tán. Lájídé yí orí, ó ń wá nǹkan láàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò. Ó rí Jẹ́jẹ́ níbi tí ó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ó ń wò mí, tí ó ń dúró. Ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ni ó gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran tí ó tóbi jù nínú ọbẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ fún ajá.”